Bí A Ṣe Ń Kọ́ Fọ́tò Yíyà Lójú Iṣẹ́

Wọṣọ́ọ̀pù fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo sanwó fún, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì nínú gbọ̀ngàn kan, kámẹ́rà kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀. Ọrùn olùkọ́ ni kámẹ́rà ọ̀hún wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A wo àwòrán lára ògiri, a kọ nǹkan sínú ìwé, a jẹ ráìsì, wọ́n sì fún wa ní sàtífíkéètì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọmọ lórúkọ. Léèsì funfun ni gbogbo ẹbí wọ̀. Mo yá kámẹ́rà, mo ya fọ́tò bí ọ̀ọ́dúnrún. Nígbà tá a ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, léèsì ti di àwọ̀ omi eérú, ojú ìyá ọmọ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọwọ́ ló ń kọ́ fọ́tò, etí kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mo ti lọ sí wọṣọ́ọ̀pù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, mo ti ṣọmọ iṣẹ́, èmi náà sì ti ń kọ́ èèyàn báyìí. Bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín rèé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìpolówó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Èèyàn mélòó ló máa lo kámẹ́rà kan? Wákàtí mélòó la máa fi wà níta, tá a ó máa ya nǹkan? Ta ló máa jókòó tì mí wo fọ́tò mi, tó máa sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó? Bí ẹni tó gbé fóònù bá ń fi sàtífíkéètì àti ìpápánu dá yín lóhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá ti tó olùkọ́ kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn lẹ máa wà. Ẹ sì ní kí wọ́n fi iṣẹ́ àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn hàn yín. Fọ́tò ọ̀gá fúnra ẹ̀ ò lè sọ bó ṣe mọ èèyàn kọ́ tó.

Ní Èkó, LagosPhoto, àjọ̀dún fọ́tò tí African Artists' Foundation dá sílẹ̀ ní 2010, máa ń fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún àfihàn ẹ̀. Ẹ máa fojú sí i. Ẹni tí kò bá sí l'Ékòó lè bẹ ọ̀gá fọtogíráfà kan ládùúgbò pé kó jẹ́ kóun máa tẹ̀ lé e lọ sóde ní Sátidé fún oṣù mẹ́ta. Owó díẹ̀ àti gbígbé ẹsẹ̀ iná lẹ máa fi san án. Ní tèmi o, mi ò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ tó dáa ju òde ìgbéyàwó lọ, torí kò sẹ́ni tó máa tún òrùka bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé bátìrì yín kú.

Kámẹ́rà tẹ́ ẹ máa gbé dání

Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun. Tòkúnbọ̀ tẹ́ ẹ bá lè yí sí M, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pinnu gbogbo nǹkan, ti tó, pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm f/1.8 tí owó ẹ̀ kì í sábà ga ju ara lọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó. Kẹ́ ẹ tó sanwó tòkúnbọ̀, ẹ yí i sí f/16, ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá fẹ fọ́tò ọ̀hún lójú. Tẹ́ ẹ bá rí ohun dúdú tóótòòtó tí kò kúrò lójú kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdọ̀tí ti wọnú ẹ̀. Wọ́n lè nù ún, ṣùgbọ́n ẹ fi dúnàá-dúrà dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣí lẹ́ńsì níta. Tó bá di dandan, ẹ dojú kámẹ́rà délẹ̀ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní Pro nínú kámẹ́rà wọn, ibi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ ara yín pinnu nǹkan bíi ti M. Àléébù ẹ̀ ni pé ihò lẹ́ńsì fóònù kì í sábà ṣe é fẹ̀ tàbí fún, nítorí náà ẹ ní láti yá kámẹ́rà ẹlòmíràn fún ẹ̀kọ́ ọsàn tó ń bọ̀ yìí.

Fáànù kan, ọsàn mẹ́ta

Fáànù onídùúró ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tàn án, ẹ gbé kámẹ́rà ka orí tábìlì, ẹ fi ṣọ́tà, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ yà á. Apá fáànù á dà bí èéfín róbótó. Ẹ gbé e sí 1/125: apá á yọ síta, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ á ṣì máa yọ́. Ẹ gbé e dé 1/1000: fáànù á dúró gbagidi bíi pé NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ múná lọ. Ẹ wá kíyè sí i pé bí fáànù ṣe ń dúró ni fọ́tò ń ṣókùnkùn, torí pé àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé ti kéré. Ọmọbìnrin kan lọgun nígbà tó rí èyí lọ́dọ̀ mi. Ó ti ń ka ọ̀rọ̀ ṣọ́tà nínú ìwé fún oṣù méjì, kò sì yé e rí.

Lóde, 1/500 ló dáa fún oníjó, 1/125 fún ẹni tó jókòó. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ di kámẹ́rà mú, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1/60. Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ: tẹ́ ẹ bá ń rí ìlà dúdú gbọọrọ nínú fọ́tò tẹ́ ẹ yà lábẹ́ gílóòbù LED, kámẹ́rà yín ò bàjẹ́. 50Hz ni iná wa (ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), gílóòbù mìíràn sì ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/100, tàbí 1/50 tí kámẹ́rà bá wà lórí tábìlì, ìlà yẹn á lọ.

Ẹ wá to ọsàn mẹ́ta sórí tábìlì gígùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ìgbọ̀nwọ́ kan wà láàárín wọn. Ẹ dúró níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà tẹjú mọ́ ti àárín. Ní f/1.8, òun nìkan ló máa mọ́ kedere. Àwọn yòókù á rí bí ohun tí èèyàn ń wò pẹ̀lú oorun lójú. Ní f/11, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mọ́. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú níbí ni pé nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá. Ẹ rò ó bí iṣu tẹ́ ẹ fẹ́ pín: 50mm lẹ ní lọ́wọ́, nọ́ńbà yẹn ni iye èèyàn tẹ́ ẹ máa pín in fún. Ní f/2, ihò náà fẹ̀ tó milimítà 25. Ní f/10, milimítà 5 péré.

ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ kékeré ríran tó, ò gba àkókò. 100 nínú oòrùn, 400 nínú ìbòòji, 1600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́. Bó bá ṣe ń gòkè ni fọ́tò á máa dà bí ohun tí wọ́n da iyanrìn sí, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ fọ́tò oníyanrìn ju èyí tó gbọ̀n lọ.

Aṣọ funfun, àwọ̀ dúdú

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò yín jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa jù. Kámẹ́rà ò mọ léèsì, kò sì mọ awọ ara. Ó gbà pé ohunkóhun tó wà níwájú òun, tí wọ́n bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Tí funfun bá kún ojú ẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù: aṣọ á di eérú, ojú èèyàn á rì. Ohun tó fìyà jẹ mí níbi ìsọmọlórúkọ nìyẹn, òun náà ló sì ń ba fọ́tò àwọn ìjọ aláṣọ funfun jẹ́. Ẹ yí kámẹ́rà kúrò ní M sí P, níbi tó ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bọ́tìnnì tó ní + àti − lára, ẹ gbé e sí +1. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fọwọ́ kan ojú ẹni náà lórí síkíríìnì, kẹ́ ẹ sì fa àmì oòrùn yẹn lọ sókè.

Tó bá jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ló wọ aṣọ dúdú síwájú ògiri dúdú, kámẹ́rà á tan ìmọ́lẹ̀ ré kọjá, iwájú orí á máa dán yànrànyànràn, àwọ̀ tó jọjú á sì ṣá. Ẹ fà á wá sí −1. Kó lè mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ bẹ ẹnì kan kó jókòó fún yín, kó kọ́kọ́ wọ funfun, lẹ́yìn náà kó wọ dúdú. Fọ́tò márùn-ún fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, láti −2 títí dé +2. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ní ọ̀sán gangan, ẹ má mú èèyàn dúró sínú oòrùn, òjìji á bo ihò ojú ẹ̀. Ẹ mú un wá sẹ́nu ọ̀nà, kó wà nínú ilé díẹ̀, kó kọjú síta. Ẹnu ọ̀nà lásán yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iná olówó ńlá.

Ọjà, pẹ̀lú fọ́tò 36

Fíìmù kan máa ń gba fọ́tò 36 láyé ọjọ́un, iye tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà nìyẹn fún odindi àárọ̀ kan. Wọn ò gbọ́dọ̀ pa ọ̀kankan rẹ́. Ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya ọwọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń gé ẹ̀fọ́ yẹn?" Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ya ojú òun kì í sábà du ọwọ́. Tó bá ṣọmọdé, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ yan márùn-ún fún olùkọ́, kí ọ̀kan nínú márùn-ún náà jẹ́ èyí tó bàjẹ́ tẹ́ ẹ ò sì mọ ohun tó bà á jẹ́. Èyí tó bàjẹ́ yẹn lẹ sanwó fún. Kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ síbi méjì kẹ́ ẹ tó nu mẹ́mórì kádì.

Lẹ́yìn tí wọṣọ́ọ̀pù bá tán

J.D. 'Okhai Ojeikere, fọtogíráfà ọmọ Nàìjíríà, ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan ní 1950, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Ní 1954 ó wọṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò níléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Ìbàdàn. Nígbà tó di 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, ó sì yà á títí tí fọ́tò náà fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ló yà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ohun kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta: ẹnu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ológeere, ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ yan mẹ́wàá nínú wọn, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí pépà, kẹ́ ẹ sì mú ti oníkálùkù lọ fún un. Èyí tí mo fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ní Bódìjà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ọwọ́ mi ti wá gbó tó báyìí ni?" Wọ́n fi fọ́tò náà sábẹ́ igbá owó wọn. Nígbà tí mo tún kọjá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ló nawọ́ pè mí pé kí n wá, wọ́n ti wé gèlè, kí n ya ojú.