Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ohun táwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń pè ní jíjí, kẹ́nikẹ́ni má baà fi lù yín ní jìbìtì

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti ibi yòówù kẹ́ ẹ wà. Ọ̀rọ̀ jíjí yìí (bí ẹni tó jí lójú oorun, ohun tí Faransé ń pè ní éveil) ti pọ̀ jù lórí fóònù báyìí, fídíò lóríṣiríṣi, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ Faransé ni, éveil níbí, éveil lọ́hùn-ún, ẹnì kan á jókòó ti àbẹ́là, á lóun ti jí, pé kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ kí ẹ̀yin náà lè jí kíá. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó o, àmọ́ kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun táwọn ẹlẹ́sìn Búdà fúnra wọn ń sọ, torí ó jìnnà gan-an sí ohun tí wọ́n ń tà fún wa.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ìríran kúrò ńbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n bá ti ní ojú inú ẹnì kan là, wòlíì tó ń ríran ló máa wá sí wa lọ́kàn, tàbí ẹlẹ́gùn tí òrìṣà gùn (Àjàṣẹ́ níbí náà ni Oschoffa ti dá Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1947, ìran ò ṣàjèjì sí wa rárá). Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà gbà pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà, pé ẹni tó bá ṣàṣàrò títí lè ní in, ṣùgbọ́n wọn ò kà á mọ́ jíjí. Ìtàn kan wà nínú ìwé òfin àwọn mọ́ńkì wọn (ìyẹn àwọn tó fi ilé àti ìgbéyàwó sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn), olówó kan ní ìlú Rajagaha gbé abọ́ tí wọ́n fi igi olóòórùn dídùn gbẹ́ kọ́ sókè pátápátá, ó lẹ́ni mímọ́ tó bá lè gòkè lọ mú un, tiẹ̀ ni. Ọmọlẹ́yìn Búdà kan tó ń jẹ́ Pindola bá fò lọ mú un, làwọn ará ìlú bá ń hó tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí Búdà gbọ́ ariwo, ó bá Pindola wí gidi, ó ní kí wọ́n fọ́ abọ́ náà, ó sì fòfin dè é pé kí mọ́ńkì kankan má ṣe fi irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣe àfihàn fún ará ìta mọ́. Ẹni tó dá ẹ̀sìn sílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀.

Kí wá ni jíjí? Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Búdà, Siddhattha Gotama lorúkọ ẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó filé sílẹ̀, ó febi para ẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó padà jẹun, ó wá jókòó sábẹ́ igi kan ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bodh Gaya lónìí, ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, ìgbà tó wà lẹ́ni ọdún 35 ló jí. Ohun tó kọ́kọ́ lọ sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ márùn-ún nítòsí Varanasi ni òtítọ́ mẹ́rin, ibi tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa rèé, torí àwọn èèyàn máa ń há òtítọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bí ọmọ iléèwé, wọ́n á fo èyí tó ṣe pàtàkì jù. Òtítọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ìnira wà nínú ayé: iṣẹ́ ẹ ni kó o mọ̀ ọ́n dunjú, kì í ṣe ìṣẹ́ àti àìsàn nìkan, ìgbádùn náà wà níbẹ̀, torí kì í pẹ́ lọ. Òǹgbẹ ọkàn ló ń fà á, èyí tí ń sọ pé kí tibí máa bọ̀, kí tọ̀hún máa lọ: iṣẹ́ ẹ ni kó o jù ú sílẹ̀. Ìnira lè dópin: kó o fojú ara ẹ rí i. Ọ̀nà kan wà tó dé ibẹ̀, ẹ̀ka mẹ́jọ ló ní, látorí ìwòye tó tọ́ dórí ọ̀rọ̀ ẹnu, iṣẹ́ òòjọ́ àti àṣàrò: kó o máa tọ̀ ọ́. Búdà ní òun ò pe ara òun lẹ́ni tó jí títí òun fi mọ òtítọ́ kọ̀ọ̀kan, tí òun mọ iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀, tí òun sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti parí. Nítorí náà jíjí kì í ṣe ohun téèyàn gbọ́ tàbí ohun téèyàn rí nínú àlá, iṣẹ́ tó parí ni.

Ẹ lè dán kékeré wò nínú ẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí zémì ní Ọjà Ouando, tí ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, ẹ má dá a lóhùn kíákíá, ẹ wo inú ara yín. Níbo ló ti ń gbóná? Kí ni ọkàn ń fẹ́ gan-an, ṣé owó yẹn ni àbí kó má dà bíi pé wọ́n fojú di yín? Tí ìfẹ́ yẹn bá tú díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìgbóná yẹn ò ní rọlẹ̀ (ẹ ṣì lè gba ṣéńjì yín o, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀). Nirvana tí gbogbo ayé ń pariwo, ohun tí ìwé wọn fi ṣàlàyé ẹ̀ ni òpin ojúkòkòrò, òpin ìkórìíra, òpin àìmọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀run tí wọ́n ń lọ jókòó sí.

Ibì kan wà tó máa ta kókó fáwa Yorùbá. Tí bàbá bá kú tí wọ́n bí ọmọkùnrin tẹ̀lé e, Babátúndé la máa sọ ọ́, ayọ̀ ni, ilé ò tíì tú nìyẹn. Àwọn náà gbà pé èèyàn ń tún ayé wá, ṣùgbọ́n àtúnwá yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ bọ́ nínú ẹ̀. Wọn ò sì gbà pé ẹnì kan wà nínú wa tí kì í yí padà, bíi orí téèyàn yàn lọ́run. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi agbára mú méjèèjì bára mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀.

Ní Theravada, ìyẹn ẹ̀ka tó wà ní Táílàǹdì, Burma àti Sri Lanka, ìpele mẹ́rin ni jíjí ní, wọ́n sì fi ohun tó já bọ́ lára èèyàn wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ohun tó wọlé. Ìdè mẹ́wàá ló wà tó so èèyàn mọ́ àtúnwá. Ẹni tó dé ìpele kìíní, mẹ́ta ti já: ìgbàgbọ́ pé "èmi" kan wà tó dúró gbọin-gbọin, iyèméjì, àti rírò pé ètùtù àti ìlànà nìkan ló ń gbani. Wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní ju ẹ̀ẹ̀méje lọ tó máa tún ayé wá. Ní ìpele kejì, ìfẹ́ ara àti ìbínú máa dínkù, ní ìkẹta wọ́n á tán. Ṣùgbọ́n ìgbéraga, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, títí dé ìpele kẹrin ló máa ń bá èèyàn lọ, ibẹ̀ ló tó já.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín tẹ́nì kan bá kọ ọ́ sórí fọ́tò ara ẹ̀ pé òun ti jí. Nínú òfin wọn, ohun mẹ́rin ló wà tí mọ́ńkì bá ṣe tí wọ́n á lé e kúrò pátápátá: ìbálòpọ̀, olè, pípa èèyàn, àti kó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ pé òun ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Wọ́n to irọ́ yẹn mọ́ ìpànìyàn! Kódà tó bá jẹ́ òótọ́, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe mọ́ńkì. Ẹ wá wo àwọn tó ń gbowó lé e.

Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ máa bi ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yìí ni pé, jíjí ti ọ̀dọ̀ àwọn wo? Àwọn Mahayana, ìyẹn ẹ̀ka míì tó wà ní Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáàn, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kéèyàn di Búdà gan-an nítorí gbogbo ẹ̀dá, kì í ṣe torí ara ẹ̀ nìkan. Àwọn Zen, tí wọ́n wà lábẹ́ Mahayana, máa ń sọ̀rọ̀ kensho, ìyẹn kéèyàn rí i fìrí, kì í sì í ṣe ìparí iṣẹ́. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Chinul ní Kòríà (1158–1210) ní ojú lè là lójijì, ṣùgbọ́n ìwà àtijọ́ ò ní lọ lọ́jọ́ kan náà, díẹ̀díẹ̀ lèèyàn á máa fọ̀ ọ́. Mọ́ńkì Zen tó ń jẹ́ Dogen ní Jàpáàn (1200–1253) ní jíjókòó ṣàṣàrò yẹn náà ni jíjí, kéèyàn má retí nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀. Shinran, olùkọ́ ẹ̀sìn míì ní Jàpáàn (1173–1263), ní agbára èèyàn ò tiẹ̀ gbé e, kó fọkàn tán Búdà Amida ni (Búdà míì ni, kì í ṣe Gotama), àwọn onígbàgbọ́ àárín wa á ní àwọn mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ Amida kọ́ ló dá ayé o. Tẹ́ ẹ bá wá rí àwọn méjì tí wọ́n ń jà pé ṣé wàrà-wàrà ni àbí díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ.

Tó bá wù yín láti bẹ̀rẹ̀, ìwàásù Búdà àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kò gùn, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Faransé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ wá máa jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa wo èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, tí ọkàn bá lọ sọ́jà, ẹ mú un padà láì bá a jà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó jinlẹ̀, àwọn ibùdó S.N. Goenka, olùkọ́ àṣàrò kan, wà káàkiri ayé, ọjọ́ 10 ni, ẹnu á wà ní dídì, ìjókòó á tó nǹkan bíi wákàtí 10 lójúmọ́, wọn kì í bu iye kan fún èèyàn, ẹni tó bá parí ẹ̀ ló ń fi ohun tó bá wù ú sílẹ̀. Ó le o. Ẹni tó bá ti ní àìsàn ọpọlọ rí, kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì sọ fún wọn níbẹ̀ kó tó lọ, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í bá gbogbo èèyàn lára mu.