Ọrun onígi àti ọfà fún ọdẹ: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Àgbọ̀nrín tí mo kọ́kọ́ ta lọ́fà ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, kò kú lójú mi. Abo ni. Ó dúró ní nǹkan bí yáàdì 20 sí mi, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, ó ń ṣa èso igi jẹ nílẹ̀. Mo fa ọrun, apá mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ọsán, ìyẹn okùn ọrun, kò tíì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí mo fi jọ̀wọ́ ọfà. Èjìká ló bá a. Ọfà náà kò wọlé ju ìka kan lọ, ẹran fò sókè, ó kó sínú igbó. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo padà lọ ní ìdájí, mo wá a títí di ọ̀sán, n kò rí i. Ọrun tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, pọ́ùn 60 ni (ìyẹn agbára tí ènìyàn á fi fà á, kì í ṣe bí ọrun fúnra rẹ̀ ṣe wúwo), igi hickory tí wọ́n fá títí tó fi ń dán. Agbára mi kò ká a. Ẹni tó tà á fún mi ló ní ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ bíi tèmi kò gbọdọ̀ gbé ohun tó kéré sí i, èmi náà sì gbà, torí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi.

Láti ìgbà yẹn, bí àbúrò kan bá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọrun wo ni kí n rà?", ìbéèrè mìíràn ni mo fi ń dá a lóhùn: kí ló máa pa ẹran náà?

Ọ̀pọ̀ kò ronú dé ibẹ̀ rí. Nígbà ayé àwọn baba wa, oró ni. Wọ́n máa ń se oró láti ara irú ìtàkùn tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Strophanthus, wọn a fi pa ẹnu ọfà, oró náà a sì dá ọkàn ẹran dúró. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yìí kan náà ni àwọn dókítà òyìnbó wá sọ di oògùn ọkàn. Ọfà tó bá ti wọ ara ẹran díẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò pọn dandan kí ọrun le koko. Ní 1894, irú ọfà olóró bẹ́ẹ̀ ba Lugard lórí ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, òfin kò gba oró lórí ọfà ọdẹ. Irin tó mú bí abẹ, tó la ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, tí ẹ̀jẹ̀ fi dà wàrà, òun ló ń pa ẹran. Bó bá wọlé síbi tó yẹ, ẹran kì í rìn jìnnà. Bí kò bá wọlé, ìyà lásán lẹ fi jẹ ẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń náwó.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù, tó sì dùn mí jù, ni kí ènìyàn ra ọrun tó le ju apá rẹ̀ lọ. Àwọn kan ti gbọ́ nípa ọkọ̀ ogun òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Mary Rose, tó rì ní 1545 tí wọ́n sì fà á jáde nínú omi ní 1982. Ọrun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá nínú rẹ̀, igi yew ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ju pọ́ùn 100 lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni àwọn tó ń fa ọrun yẹn ti ń fà á, ogun ni wọ́n sì fi ń jà. Ẹ wo Ishi ní tirẹ̀, ọkùnrin ẹ̀yà Yahi, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde láti inú igbó ní California ní 1911, tó jẹ́ pé ọrun àti ọfà ló fi ń wá oúnjẹ jẹ. Ọrun tirẹ̀ kò ju íǹṣì 42 lọ, igi juniper tí a fi iṣan ẹran lẹ̀ lẹ́yìn, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi pọ́ùn 45. Ó fi pa àgbọ̀nrín.

Òfin Ohio ní ọrun tí a ó fi pa àgbọ̀nrín kò gbọdọ̀ kéré sí pọ́ùn 40, Colorado ní 35. Ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí òfin a máa yí padà. Láàrin 40 sí 50, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá ń fi ọfà ṣeré déédéé yóò lè fà á láìgbọ̀n. Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: mo jókòó sórí àga, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, mo fa ọsán dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìkọ́kọ́ gbé ọrun sókè ọ̀run. Bí mi ò bá lè ṣe é báyìí, a jẹ́ pé n kò ní lè ṣe é láàárọ̀ òtútù oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí mo ti jókòó lórí igi fún wákàtí méjì tí ìka mi ti kú tipiri.

(Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, òfin wọn ti ọdún 1981 lórí ẹranko igbó kò gbà kí a fi ọrun pa ẹran ìgbẹ́. Ẹ lè fi ta àmì, ẹ má gbé e wọ igbó.)

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọrun náà ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ 50 àti 28 síbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé pọ́ùn 50 ni yóò wúwo lọ́wọ́ ẹni tó fà á dé íǹṣì 28. Apá yín ńkọ́? Ẹ na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ènìyàn mọ́ra, kí ẹnì kan wọn yín láti orí ìka kan dé èkejì, kí ẹ fi 2.5 pín in. Íǹṣì 26 ni tèmi. Lọ́wọ́ mi, ọrun pọ́ùn 50 yẹn á rọ̀ dé nǹkan bíi 45, nítorí íǹṣì kọ̀ọ̀kan ń mú pọ́ùn méjì tàbí mẹ́ta wá tàbí lọ. Kò burú fún èmi tí apá mi kúrú. Ẹni tí apá rẹ̀ gùn tó sì ń fa íǹṣì 30 ló wà nínú ewu, torí ọrun onígi tí wọ́n ṣe fún 28 lè ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń fà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ bó ṣe jìnnà tó tí òun fúnra rẹ̀ ti fà á rí. Bí ìdìmú rẹ̀ bá le tí kì í tẹ̀, tí ẹ sì ń fa 28, èmi kì í gba ohun tó kúrú ju íǹṣì 64 lọ.

Ẹwà ni àṣìṣe mìíràn. A rí igi tó ń dán, awọ ejò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ìwo ẹran tí wọ́n fi dé e lórí, ọkàn wa ti fò lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń wo ọrun lórí tábìlì ẹni tó ń tà á. Mo á kọ́kọ́ yí i sí ẹ̀yìn, ìyẹn ojú tó máa kọ sí ẹran. Ẹ̀yìn yìí ló máa ń nà bí a bá fa ọsán, ibẹ̀ ni igi ti máa ń ya. Ó yẹ kí ìpele kan ṣoṣo tí igi fi dàgbà lọ́dún kan wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀bẹ là á kọjá. Bí mo bá rí ìlà tó ń yọ jáde létí bí ìlà tí wọ́n fi ń ya òkè sínú àwòrán ilẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti gé ìpele náà, ibẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Mo á fi èékánná tọ́ ọ lọ títí tí yóò fi kan kókó. Kókó nìkan kì í ṣe àbùkù. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi igi díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká kí ibẹ̀ lè nípọn. Tí ó bá fá a pẹlẹbẹ kọjá lórí kókó, mo á gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo á ní kí ẹni tó ń tà á so ọsán, kó fa ọrun náà níwájú mi, èmi á sì dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bákan náà, kí ó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtórì tó rọ̀. Mo rí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan tó rẹwà bí ohun ọ̀ṣọ́, igi osage tó pupa bí epo, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fà á, ibì kan ṣoṣo lápá ìsàlẹ̀ ló ń kán bí ìgbúnwọ́. Gbogbo agbára ọrun náà ló ti kó sí ibẹ̀. Mo sọ fún arákùnrin tó ń tà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe máa ń ṣe. N kò rà á.

Ní ti irú igi: osage kì í tètè fa omi, ó sì ń pẹ́. Hickory lágbára, kò tètè ṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́ràn omi. Bí ẹ bá ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́rinrin, yóò rọ̀ lọ́wọ́ yín. Yew rọ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ́n.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé ibi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́, ìyẹn ọfà. Mo rí àwọn tó ná 600 dọ́là lórí ọrun, tí wọ́n wá ra ọfà tó pọ̀ jù lówó tó kéré jù. Bẹ́ẹ̀, ọrun kò kan ẹran rárá. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ọmọ òrìṣà ṣì ń sọ ìtàn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ tó ní ọfà kan ṣoṣo, tó fi pa ẹyẹ tí àwọn ọdẹ ọlọ́fà púpọ̀ ta tì. Ní tèmi, mo gbà pé ó mọ ọfà yẹn bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Mẹ́fà tó bára mu dọ́gba sàn ju ogún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ síbi tó wù ú.

Kí ni bíbára mu? Àkọ́kọ́ ni líle igi ọfà, ohun tí àwọn tafàtafà ibí ń pè ní spine. Ọ̀pọ̀ ọrun onígi kò ní ojú tí wọ́n gé sí àárín fún ọfà láti gbà, nítorí náà ọfà gbọ́dọ̀ tẹ̀ yí ara ọrun ká bó ṣe ń jáde, kó tó wá tọ́ lójú ọ̀nà. Bó bá le jù fún ọrun náà, á yà sí òsì fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán. Bó bá rọ̀ jù, á yà sí ọ̀tún. Àwọn ènìyàn á máa dá ojú ara wọn lẹ́bi, wọn ò mọ̀ pé ọfà ni. Wọ́n máa ń ta igi ọfà ní ìpele pọ́ùn márùn-ún-márùn-ún: 40 sí 45, 45 sí 50. Ẹ lo iye tí ọrun wúwo ní apá tiyín, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ rántí pé bí ọfà bá gùn sí i, tàbí tí irin ẹnu rẹ̀ bá wúwo sí i, ńṣe ló ń rọ̀ sí i.

Èkejì ni ìwúwo. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́ùn kan. Fún ọrun onígi, grain 10 fún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan ló dára: ọrun pọ́ùn 45, ọfà grain 450, pẹ̀lú irin àti ìyẹ́. Ọfà tó fúyẹ́ máa ń yára, ìyẹn ló ń tan àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n kì í wọ ara ẹran dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí kò bá a lọ á padà wọ inú ọrun, á sì máa jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀. Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fa ọsán kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀, kódà nínú ṣọ́ọ̀bù, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ yí ọfà kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì títẹ́jú, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e súnmọ́ etí, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní ìhà mẹ́rin. Bí ẹ bá gbọ́ tó dún tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ṣẹ́, ẹ dá a sí méjì, ẹ jù ú nù. Ọfà onígi tó ti sán, tó wá ṣẹ́ nígbà tí ẹ jọ̀wọ́ ọsán, ọwọ́ òsì yín ni yóò gún wọ̀. Ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára ọfà kan gbọ́dọ̀ wá láti apá kan náà lára tòlótòló, òsì pátá tàbí ọ̀tún pátá; bí wọ́n bá dà á pọ̀, ọfà náà kò ní mọ ìhà tí yóò yí sí.

Irin ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Fún ọrun tí kò le púpọ̀, olójú méjì ni mo fara mọ́, torí ó ń wọlé ju olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bó ti ṣe jáde nínú páálí kì í mú tó. Ẹ pọ́n ọn títí yóò fi lè fá irun ọwọ́ yín. Kí irin tí ẹ fi ń kọ́ṣẹ́ wúwo dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ má baà máa fi ohun kan kọ́ṣẹ́ kí ẹ wá fi òmíràn pa ẹran.

Bí ẹ bá ti rà á tán, ẹ béèrè irú okùn tí oníṣẹ́ fi ṣe ọsán rẹ̀, kí ẹ má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìbi í. Okùn òde òní tí kì í nà lè gé orí ọrun tí wọn kò fún lágbára. Ẹ tú ọsán bí ẹ bá ti ta ọfà tán. Ẹ má gbé e sínú búùtù mọ́tò nígbà ooru, ẹ má fi í ti igun ògiri. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sórí èèkàn méjì nínú yàrá tí kò gbóná tí kò sì lọ́rinrin.

Ohun ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe rẹ̀ ni àsìkò. Òpin oṣù kẹsàn-án ni ọdẹ ọlọ́fà máa ń ṣí ní Ohio, oṣù kẹjọ ni àwọn kan sì ń wá ọrun. Ọwọ́ oníṣẹ́ ti kún nígbà náà, ohun tó bá ṣẹ́kù nílẹ̀ ni wọ́n á tà fún yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní oṣù kìíní, kí ẹ fún un ní gígùn apá yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ máa ta ọfà mẹ́ta níwájú rẹ̀ kí owó tó kúrò lápò yín. Bí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn.