Bí a ṣe ń háyà bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ gun Òkè Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú: ẹ má háyà dánfó. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ wálẹ̀, mo sì mọ̀ pé dírẹ́bà kan wà ládùúgbò yín tó ti ní òun á ṣe é ní ẹ̀dínwó. Ọkọ̀ tó ń na Ọjọ́ta sí Ọbáléńdé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kọ́ ló yẹ kó gbé yín gba Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, ìrìn nǹkan bí 300 kìlómítà. Hiace ni kẹ́ ẹ wá. Oníjókòó 14 ló dáa, ṣùgbọ́n ẹ má ju èèyàn 11 lọ, torí kúlà àti ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù náà máa jókòó.

Ẹ máa rí i háyà ní Jíbówú, Ọjọ́ta tàbí Berger. Dúnàá-dúrà ò ṣòro fún ọmọ Èkó, mi ò kọ́ yín nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni pé: ta ló ni bọ́ọ̀sì yìí? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ sì pè é. Dírẹ́bà míì máa ń yọ́ gbé ọkọ̀ ọ̀gá ẹ̀ jáde ni. Ọ̀gá á wá pè é lọ́sàn-án Sátidé pé níbo lọkọ̀ òun wà, ẹ̀yin sì wà lórí òkè. Ẹ tún bèèrè bóyá owó epo wà nínú iye tí wọ́n pè. Bí ẹ bá máa sùn ní Àkúrẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe, ẹ wá yàrá fún dírẹ́bà náà. Àtẹ̀gùn òkè yẹn lé ní 600. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo yín lẹ máa sùn nínú ọkọ̀, òun nìkan ni ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá.

Táyà ni gbogbo ẹjọ́. Ó ku ọ̀la kẹ́ ẹ lọ, ẹ lọ wo ọkọ̀ náà fúnra yín, lójú ọ̀sán. Fọ́tò WhatsApp kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ lóṣòó ti táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí dídán ẹ̀ tàn yín, nǹkan ni wọ́n fi pa á. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rọ́bà, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 3518, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Nígbà míì, apá inú ni nọ́ńbà náà kọjú sí. Ẹ rákò wọlé, tọ́ọ̀ṣì fóònù tó o. Èmi kì í wọ ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, torí tòkunbọ̀ ló pọ̀ lọ́jà, rọ́bà sì ń gbó láìrìn rárá. Bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ti ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi gìgísẹ̀ tó sán, ẹ wá ọkọ̀ míì. Nínú kòtò ojú táyà, ẹ máa rí rọ́bà kékeré kan tó dábùú. Bí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba, 1.6 mìlímítà ló kù, táyà yẹn ti parí.

Ẹ jẹ́ kí fọ́kànáísà wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Èmi ní gẹ́éjì tèmi, Ládípọ̀ ni mo ti rà á. Táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ dín á máa ká, á máa nà lábẹ́ ẹrù, á gbóná, á sì bẹ́.

Sípíà ńkọ́? Wọ́n á ní, “Ó wà ńbẹ̀, ọ̀gá.” Ẹ ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ ka ihò nọ́ọ̀tì. Nígbà kan tá à ń lọ, táyà bẹ́ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Dírẹ́bà fi ìgbéraga yí sípíà jáde. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà lára ọkọ̀, ihò márùn-ún ló wà lára sípíà. Ó gbé e síbẹ̀, ó yí i, ó tún un yí, bí ẹni pé ihò kẹfà á yọ. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, a ò sì tíì dé Ọ̀rẹ̀ gan-an! Nígbà tí a rí sípíà gidi yá, jáàkì tún ń rì sínú iyẹ̀pẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé pákó pẹlẹbẹ kan dání. Ẹ má rà á, ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà.

Èyí tó kù ò le. Ẹ tan éésì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ya ìwé ọkọ̀, inṣọ́ránsì àti láísẹ́ǹsì dírẹ́bà sí fóònù, kẹ́ ẹ sì fi 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, pa mọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni kẹ́ ẹ gbéra ní Berger.

Ẹ san ìdajì owó ṣáájú, ìdajì tó kù dìgbà tẹ́ ẹ bá padà. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn dáadáa. Kúlà mi kan wà lọ́wọ́ dírẹ́bà kan títí dòní.