Ẹ̀kọ tó ki tí kò ní há ọmọ oṣù 6 lọ́fun

Kí ọmọ tó pé oṣù 6, ọmú nìkan ni. Kò sí omi, kò sí àgbo. Àwọn ṣúgà kan wà nínú omi ọmú tí ikùn ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà. Oúnjẹ Bifidobacterium ni wọ́n, ìyẹn kòkòrò rere inú ìfun, tó ń sọ wọ́n di ásíìdì tí àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kò fẹ́ràn.

Nígbà tí ẹ̀kọ bá dé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rù. Ikùn ọmọ oṣù 6 kò gbà ju bí ife kékeré kan lọ. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn, omi ló gba àyè oúnjẹ. Bó bá ki, ọmọ á tu ú dànù. Ọkà tó hù ló ń tú kókó yìí.

Ẹ rẹ ọkà bàbà sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ bò ó fún ọjọ́ 2 sí 3. Tó bá hù, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fọwọ́ ra á títí gbogbo èéhù àti gbòǹgbò á fi bọ́, kí ẹ fẹ́ wọn dànù. Ẹ má fo ibí yìí o: irú májèlé inú ẹ̀gẹ́ tútù wà nínú èéhù ọkà bàbà. Ẹ lọ hóró tó kù, kí ẹ kù ú. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù.

Ẹ po ògì kó ki débi pé, bí ẹ bá dorí ṣíbí kodò, kò ní tètè já bọ́. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá ro ṣíbí ìmutíì 1 ìyẹ̀fun yẹn mọ́ ife ẹ̀kọ 1. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ṣíbí tó dúró gangan á yẹ̀, ẹ̀kọ á sì máa yọ́ lójú yín, láìfi ẹ̀kán omi kan kún un. Inú ẹ̀kọ tó ń hó lọ́wọ́ kọ́ ni kẹ́ ẹ dà á sí. Iná á pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Tó bá yọ́ tán ni kẹ́ ẹ gbé e padà síná, kó hó fún ìṣẹ́jú 3, torí kòkòrò ara ìyẹ̀fun.

Ògì tí a ti sẹ́ kò ní áyọ́ọ̀nù (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) tó pọ̀, èyí tí wọ́n sì bí mọ́ ọmọ ti ń tán lọ. Ẹ fi ṣíbí ìmùkọ 1 edé tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ sí i, ẹ̀pà lílọ̀ tí kò bu, àti epo pupa díẹ̀. Ṣíbí 2 sí 3 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọmú ń bá a lọ títí ọdún 2.

Omídùn tútù, tí àwọn kan gbà pé ó ń tún inú ṣe? Kòkòrò rere wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi tí wọ́n fi ṣe é náà wà níbẹ̀. Ẹ má fún ọmọ. Oyin náà, ó di lẹ́yìn ọdún 1.