Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn fún Géèmù Ogun: Ohun Tí Modern Warfare Fi Kọ́ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn fún géèmù ogun ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹni tó ń gbá a kì í jókòó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tá wà níwájú rẹ̀, kò sì ráàyè àlàyé gígùn. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ Infinity Ward, tó ṣe Call of Duty 4: Modern Warfare, géèmù tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, fi gbé ìtàn wọn ka orí nǹkan méjì: ojú ẹni tí a fi ń wo ogun náà, àti ohun tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ wa nígbà tó yẹ. Kí ẹni tí kò bá tíì gbá àwọn géèmù yìí mọ̀ pé n óò tú àṣírí wọn.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ojú tí ẹ óò lò. Nínú géèmù ọdún 2007 náà, ojú kan ṣoṣo kọ́ ni. À ń di Soap MacTavish, ọmọ ogun SAS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sábẹ́ Captain Price. À ń di Paul Jackson, sójà Amẹ́ríkà tó ń jagun ní ilẹ̀ Lárúbáwá kan tí wọn kò dárúkọ. A sì tún ń di Price fúnra rẹ̀ nígbà tí ipò rẹ̀ ṣì kéré. Olúkúlùkù wọn mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, àwa tí a ń gbá géèmù nìkan ni a ń so ó pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí orúkọ àwọn tó ṣe géèmù ṣe ń kọjá lójú ẹ̀rọ, inú ara Ààrẹ Yasir Al-Fulani ni a wà. Wọ́n wọ́ ọ jù sínú mọ́tò, wọ́n gbé e la ìgboro kọjá níbi tí ìbọn ti ń dún, ohun kan ṣoṣo tí páàdì wa, ẹ̀rọ ọwọ́ tí a fi ń gbá géèmù, sì lè ṣe ni kó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ òpó tán, Khaled Al-Asad, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, na ìbọn sí wa lójú, ó yìn ín. Ó yé wa pé wọ́n ti dìtẹ̀ gbàjọba, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka ìròyìn rẹ̀ fún wa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá aṣáájú tí ẹni tó ń gbá géèmù yóò máa tẹ̀ lé. Àṣà yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí pé ìgbẹ́kẹ̀lé máa ń wọni lára níbẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wo ìpele tí wọ́n pè ní All Ghillied Up. Ọdún 1996 ni, ní Pripyat, ìlú ilẹ̀ Ukraine tí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò lẹ́yìn ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl ti ọdún 1986. Price àti ọ̀gá rẹ̀, Captain MacMillan, wọ aṣọ tó jọ koríko, wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ pa Imran Zakhaev, ọ̀tá ará Rọ́ṣíà nínú ìtàn náà. MacMillan ló ń lọ níwájú. Bó bá ní ká dọ̀bálẹ̀, a óò dọ̀bálẹ̀. Bó bá ní ká jẹ́ kí ẹnì kan kọjá, a óò jẹ́ kó kọjá. Ó dé ibì kan tí ọ̀wọ́ sójà àti ọkọ̀ ogun ń bọ̀ wá bá wa tààrà nínú pápá, tí kò sí ọgbọ́n mìíràn ju pé ká dùbúlẹ̀ sínú koríko ká má mira, tí bàtà wọn sì ń tẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wa. Ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ tí kò gbọdọ̀ yìn ín, ẹ̀rù á bà á ju ẹni tó ń yìn ín lọ.

Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, hẹlikọ́pítà kan já lulẹ̀, ó sì ṣe MacMillan léṣe lẹ́sẹ̀. Ó wá di dandan ká gbé e. Bó bá wà léjìká wa, a kò lè yìnbọn. Bí a bá fẹ́ yìnbọn, a ní láti gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá tó ń tọ́ wa sọ́nà ti di ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ọwọ́ wa gan-an la sì fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún aṣáájú yín ní ọ̀rọ̀ ṣókí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ ká mọ ìwà rẹ̀ nínú bó ṣe ń rìn, ibi tó dúró sí, àti ìgbà tó bojú wẹ̀yìn. Bí ìtàn yín bá máa gùn ju géèmù kan lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ dàgbà: nínú Modern Warfare 2 ti ọdún 2009, Soap tó jẹ́ ọmọ tuntun tí kì í sọ̀rọ̀ ti di captain tó ń pàṣẹ, Roach, sójà abẹ́ rẹ̀, sì ni a fi ń tẹ̀ lé e.

Nǹkan kejì ni gbígba agbára kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá géèmù. Nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn sójà Amẹ́ríkà kúrò ní ìlú nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n fura sí, Jackson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró láti gba obìnrin kan tó ń wa hẹlikọ́pítà tí ọ̀tá já lulẹ̀ là. Àwa fúnra wa la sáré gbé e wọ inú hẹlikọ́pítà wa. Bọ́ǹbù náà bú. Jackson lajú nínú àwókù hẹlikọ́pítà. A lè rákò jáde, a lè wo èéfín tó ga dé ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì kankan tí a lè tẹ̀ tí yóò gbà á là. Ìdí tó fi dùn wá ni pé páàdì náà ti ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá ń gba agbára lọ́wọ́ wa ní ìpele gbogbo, yóò sú wa.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpayà tí kò bí nǹkan kan. Ìpele No Russian ti ọdún 2009, níbi tí amí Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Allen ti bá àwọn apániláyà wọ pápákọ̀ òfurufú ní Moscow tí wọ́n sì ń pa àwọn èrò, dá awuyewuye ńlá sílẹ̀, géèmù náà sì fún wa láyè láti fo ó kọjá. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò ní ìdí: Makarov, olórí àwọn apániláyà náà, pa Allen, ó fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ kí Rọ́ṣíà lè rò pé Amẹ́ríkà ló ṣe é, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Bákan náà ni ọ̀dàlẹ̀ Shepherd, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, tó yìnbọn lu Roach lẹ́yìn tó gba ẹrù tó rán an tán, ṣe yí ìtàn náà padà pátápátá.

Orúkọ ìlú, àkókò àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n máa ń kọ sójú ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele ti tó. Ẹ má fi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí jù ni ti ilẹ̀ tí ẹ óò gbé ìtàn náà sí. Nínú Modern Warfare 3 ti ọdún 2011, a jagun dé Sierra Leone àti Somalia, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá níbẹ̀ kò ní orúkọ, kò ní ìdí tó fi ń jà, àfi kí a ṣáà máa yìnbọn fún un. Èyí kò dára tó. Géèmù Modern Warfare ti ọdún 2019 gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n dá orílẹ̀-èdè Urzikstan sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ ká di Farah ní kékeré, ọmọdébìnrin tó ń sá pamọ́ fún sójà nínú ilé bàbá rẹ̀, tí irin tí a fi ń tú súkúrù sì jẹ́ ohun ìjà rẹ̀. Síbẹ̀, géèmù yìí kan náà lo orúkọ Highway of Death, ó sì ní Rọ́ṣíà ló ju bọ́ǹbù síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ló ju bọ́ǹbù sí ojú ọ̀nà tí ayé mọ̀ sí orúkọ yẹn, láàárín Kuwait àti Iraq, ní 1991. Bí ẹ bá fẹ́ yí ẹni tó ṣe nǹkan padà, ẹ yí orúkọ ibẹ̀ padà pẹ̀lú, nítorí àwọn tó kú níbẹ̀ ní ẹbí.

Nígbà tí ìpele kan bá ṣeé gbá, ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà rí. Ẹ bi í pé ta ni òun jẹ́, ta ni ó tẹ̀ lé, kí ni kò sì lè ṣe nígbà tó fẹ́ ṣe é. Ibi tí kò bá ti rí ìdáhùn, ẹ tún ìṣẹ̀lẹ̀ ibẹ̀ tò kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.