Ẹyẹlé Tí Ẹ Rà: Ẹ Má Tíì Ṣílẹ̀kùn Fún Un

Àpò tí ẹ fi gbé ẹyẹlé bọ̀ láti Bódìjà kò ní kó má mọ̀nà. Àṣìṣe kan náà là ń bá nílé àwọn tó ń sin ẹyẹlé, láti Bẹẹrẹ dé Mọ́níyà: wọ́n rà á, wọ́n dì í sápò, wọ́n bọ́ ọ fọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó sìn ín dàgbà. Alájàpá kọ́ ló jí i. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Onílé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wí.

Oòrùn ni ẹyẹlé fi ń mọ apá ibi tó kọjú sí. Bí kùrukùru bá bo oòrùn, agbára òòfà ilẹ̀ ayé ló ń tẹ̀ lé. Lọ́dún 1974 ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Walcott àti Green, fi wáyà oníná tó ń ṣe bí òòfà yí orí ẹyẹlé ká. Lọ́jọ́ tí oòrùn kò yọ, bí wọ́n ṣe yí apá ibi tí iná náà ń gbà padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ẹ̀yìn sílé. Ẹ má torí ìyẹn so òòfà mọ́ ẹyẹ yín lọ́rùn o.

Èyí tí kò fò rí ni kí ẹ rà, ọmọ ọjọ́ 28 sí 35, tí ìyẹ́ ti bo abẹ́ apá rẹ̀. Ẹ kan àpótí wáyà mọ́ ẹnu ilé ẹyẹlé: gígùn àti ìbú sẹ̀ǹtímítà 60, gíga 45. Wáyà ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀, kì í ṣe páànù, torí ó gbọ́dọ̀ máa rí oòrùn àti òrùlé àdúgbò. Ẹ máa fi ẹyẹ náà sínú àpótí yìí fún wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 10 ó kéré tán. Oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 30 lójúmọ́, àgbàdo fífọ́ àti ọkà bàbà. Ẹ máa mi agolo oúnjẹ náà kí ẹ tó dà á sílẹ̀, kó lè mọ̀ pé oúnjẹ ti dé.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa tú u, ẹ má fún un lóúnjẹ àárọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn ní wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, kí òjò má ṣú, kẹ́ ẹ mi agolo. Ẹni tó bọ́ ọ yó kó tó tú u, orí igi ni yóò ti máa wò ó.

Àgbà ẹyẹlé ńkọ́? Ẹ tì í mọ́lé pátápátá, takọtabo, kó máa yé. Ẹyin méjì, ọjọ́ 17 sí 18, ó pa á. Ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó fò. Ẹ má gé e níyẹ̀ẹ́. Oúnjẹ ológbò ni ẹ ń sìn nìyẹn. Bó bá sì ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lọ bẹ onílé àkọ́kọ́ kó dá a padà, àmọ́ ẹ má tún tú u mọ́.