Ẹ jẹ́ ká fi PCR ka ríséptọ̀ sẹ́ẹ̀lì T, àmọ́ ká máa ṣọ́ ọ o

Sẹ́ẹ̀lì T tó ń ṣọ́ ara wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ríséptọ̀ tó fi ń dá kòkòrò àìsàn mọ̀, torí pé ara máa ń ṣa jíìnì V kan, D kan, J kan, á gé wọn, á rán wọn pọ̀ bí télọ̀ tó ń rán àgékù ankara. Ojú ìrán yẹn ni wọ́n ń pè ní CDR3, òun la fẹ́ kà, PCR tó ń da DNA kọ lọ́pọ̀lọpọ̀ la sì máa fi ṣe é.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 10 sínú tiúbù EDTA tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má lo ti heparin tóun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó máa ń dí PCR lọ́wọ́. Ẹ bu omi saline là á, kẹ́ ẹ wá rọra dà á sórí Ficoll, omi tó wúwo tó ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, rọra ni mo wí, ẹ tẹ tiúbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn lára ẹ̀ lọ, tí méjèèjì bá fi pòpọ̀ ẹ máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi sẹntirífújì yí i ní 400 g fún ìṣẹ́jú 30, ẹ pa búréèkì ẹ̀. Tó bá jáde, pupa á ti sùn sísàlẹ̀, omi tó pọ́n díẹ̀ á wà lókè, láàárín wọn ẹ máa rí òrùka kan tó funfun bàìbàì bí omi ògì, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì wa wà, ẹ fi pípẹ̀tì fà á.

Ẹ yọ RNA inú ẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò, lórí yìnyín, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ọwọ́ lásán ti tó bà á jẹ́. Ẹ pín in sí tiúbù méjì.

Ibi tó le ló kàn. Jíìnì V tó wúlò nínú beta, ìyẹn apá ríséptọ̀ tó ní V, D àti J, lé ní 40, tẹ́ ẹ bá ṣe praima (ègé DNA kékeré tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kíkọ) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á máa fà ju àwọn kan lọ, ẹ ó wá rò pé sẹ́ẹ̀lì kan pọ̀, àṣé praima ẹ̀ ló lágbára. Èmi 5′RACE ni mo fẹ́ràn: ẹ́ńsáìmù tó ń sọ RNA di cDNA, ẹ̀dà ẹ̀ tó jẹ́ DNA, á lọ títí dé ìparí, á fi lẹ́tà DNA tó ń jẹ́ C mélòó kan kún un, àlẹ̀mọ́ tá a ti ṣe sílẹ̀ á gbá C yẹn mú, praima méjì péré ti tó nìyẹn, ọ̀kan lórí àlẹ̀mọ́, ọ̀kan lórí jíìnì C, apá ríséptọ̀ tí kì í yí padà. Ẹ fi lẹ́tà 12 tí ò létò sínú àlẹ̀mọ́ náà, UMI nìyẹn, bíi nọ́ńbà ọkọ̀ fún RNA kọ̀ọ̀kan, oríṣi ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 16.

PCR wá kàn: 95°C á ya DNA sí méjì, bíi 60 kí praima jókòó, 72 kó dà á kọ. Ìlọ́po méjì ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá lọ déédéé nígbà 30, ẹyọ kan á di ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan, ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí kékeré fi lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Omi lásán tí mo fi ṣe kọ́ńtíróòlù tàn yòò lórí jẹ́ẹ̀lì tá a fi ń wo DNA lọ́jọ́ kan, odindi ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ni mo dà nù. Yàrá tẹ́ ẹ ti ń po PCR, ẹ má ṣí èyí tó ti jinná níbẹ̀ rárá.

Tí Illumina, ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà DNA, bá ti kà á, ẹ fún sọ́fítíwíà MiXCR, á kó ẹ̀dà tó ní UMI kan náà sí ẹyọ kan, á sọ V, J àti CDR3 wọn. Tí CDR3 kan bá pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, ẹ má tíì pariwo: ó lè jẹ́ kòkòrò bíi CMV lara ń bá jà, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì T. Ẹ padà sórí RNA tẹ́ ẹ ti pín sí tiúbù méjì látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó yọ nínú méjèèjì.